Ẹ má tíì ra motor: ẹ kọ́kọ́ wọn omi ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì tí yóò máa yan gààrí fún iṣẹ́ ọdún ìkẹyìn yín ní póólì, tẹ́ ẹ wá ń béèrè irú motor tó yẹ kẹ́ ẹ rà: ẹ jẹ́ kówó yín ṣì wà lápò ná. Èmi ti rà á rí.

Ní 2019, èmi àti wẹ́dà kan gbé irú ẹ̀ lọ sí ilé gààrí kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Apá onírin méjì lórí agbada, motor kan, Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré) tó ń ka bí agbada ṣe gbóná tó. Yanrìn la fi dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń yí láìfọhùn. Lábúlé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ̀gẹ́ fi kó kókó. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan gààrí níbẹ̀ bojú wo agbada, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, gààrí kọ́ lẹ̀ ń yan o, ẹ̀bà lẹ̀ ń tẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Bákan náà ni apá wa ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì tutù, wọ́n á fi igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, wọ́n á sì tètè ha á kúrò. Tó bá ti ń gbẹ, ọwọ́ á fúyẹ́. Etí gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti yá.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni motor jó. Iná NEPA tó yẹ kó jẹ́ volt 230, 160 ni mo bá nírọ̀lẹ́. Ẹ pín 160 sí 230, ẹ fi èsì ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di púpọ̀: agbára tí motor ní láti yí kò tó ìdajì mọ́. Ó ń ti ẹ̀gẹ́ tútù, kò lè tì í, ló bá ń fa iná sí i títí wáyà inú ẹ̀ fi yọ́. A ò fi overload, ohun tó ń gé iná tí motor bá ń fà á jù, sí i torí a fẹ́ dín owó kù. Owó àjọ tí mo kó lóṣù yẹn ló bá a lọ.

Nígbà tí mo padà lọ, òṣùwọ̀n àti ìwé nìkan ni mo mú dání. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n kí n tó rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi jáàkì fún ẹ̀gẹ́ ni àdánù wà. Tó bá ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n dúró nìyẹn. Bí ìdajì ìwúwo ẹ̀gẹ́ tó kúrò lábẹ́ jáàkì bá jẹ́ omi, tí gààrí sì gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú ẹ̀ kò fi ní ju ìdá 12 nínú 100 lọ bí ìlànà oúnjẹ àgbáyé ṣe wí, iná máa lé bíi lítà omi 76 lọ kẹ́ ẹ tó rí kílò gààrí 100. Ẹ fún un títí omi inú ẹ̀ fi kù sí ìdá 45 nínú 100, lítà 60 péré ni. Igi ìdáná ló ń gbé ìyàtọ̀ yẹn, àti ojú àwọn ìyá tí èéfín ń fín.

Ohun tí mo wá ṣe kò dà bí róbọ́ọ̀tì rárá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gba omi ẹ̀gẹ́ ni mo gbé kọ́ sára load cell (irin tó ń wọn ìwúwo), ESP32 kan (kọ̀ǹpútà kékeré bíi Arduino) ń ka ìwúwo ẹ̀, power bank fóònù ló ń fún un níná. Ọ̀pọ̀ àpò ni Ìyá fi ọwọ́ fún wò, bó bá ti ní "ó tó", mo kọ ìwọ̀n omi tó ti jáde sílẹ̀. Tí omi bá ti dé ìwọ̀n yẹn báyìí, agogo á dún pé ó tó. (Load cell àkọ́kọ́ wà lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì jẹ ẹ́ run láàárín oṣù kan. Ẹ gbé tiyín kọ́ sókè.)

Kẹ́ ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ dé FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, ní Òṣòdì. Láti 1956 ni ibẹ̀ ti wà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gààrí. Púpọ̀ nínú ohun tí mò ń pè ní àrà tuntun, ó ti di ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yan gààrí bí wọ́n ṣe ń gbowó. Níbi tí mo lọ, iye agbada la fi ń sanwó fún wọn, róbọ́ọ̀tì tí mo kọ́kọ́ gbé lọ ì bá sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni méjì.

Apá onírin ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ń sá ajọ̀ lórí ẹ̀.