Oníbàárà mi mú ajá wá sílé oúnjẹ: ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n lé e?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà ẹran. Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan létí ọ̀sà ní Màrínà, ní Àgbádárìgì níbí. Ẹja tútù ọlọ́bẹ̀ ata, ìrẹsì, àgbọn àti kọfí ni mo ń tà. Tó bá di Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, àwọn èèyàn máa ń ti Fẹ́sítáákì àti Òjó wá ṣeré, àwọn kan nínú wọn sì ti ń mú ajá dání. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ajá oníbàárà kan àti ajá àdúgbò kan wọ̀yá ìjà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n so ó mọ́. Ọbẹ̀ gbígbóná dà sílẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọmọ tó jókòó níbẹ̀. Alhájì kan tó ti ń bá mi rajà láti ọjọ́ pípẹ́ dìde, ó ní òun ò lè jẹun níbi tí ajá wà. Ọmọ mi tó wà ní ìlú Ọba ní lọ́hùn-ún, ajá máa ń bá olówó rẹ̀ jókòó nílé kọfí, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Aládùúgbò mi ní kí n kọ ọ́ sára ògiri pé a ò gba ajá mọ́. Èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Olóúnjẹ, Màrínà


ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Kí ẹ tó padà sídìí ààrò, èyí ni ìdáhùn mi ní kúkúrú: ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ síta. Abẹ́ igi níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ ni tiwọn. Inú ilé àti ilé ìdáná, rárá o. Kí ẹ sì tó gba èyíkéyìí, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yín kò parọ́. Ní ìlú Ọba, kò sí òfin tó ní kí ajá má dé ibi tí èèyàn ti ń jẹun. Ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ni kò gbọ́dọ̀ dé, èyí tó kù dọwọ́ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015 ni òfin ti fi àyè gba onílé oúnjẹ tó bá fẹ́, pé kí ajá bá olówó rẹ̀ jókòó níta. Àmọ́ wọ́n so okùn mọ́ àyè náà. Ajá kò gbọ́dọ̀ gba inú ilé kọjá kó tó dé ìta. Okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gun àga. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Abọ́ tí wọ́n bá sì fi bu omi tàbí oúnjẹ fún un, irú èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù ni. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá sí Màrínà bó ṣe wà, ẹ má yọ ọ̀kan kúrò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ yín kò ní láti ronú lé lórí níbi tó wà, tí ẹ̀yin ní láti ronú lé. Láti ọdún 1922 ni wọ́n ti lé dìgbòlugi kúrò lára ajá ní ìlú Ọba. Tiwa ṣì wà nílé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, ní Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Nínú 100 tó bá mú, ajá ló kó o ran bíi 99. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tí a lè gbára lé mọ́. Kó tó hàn nìkan la ti lè ṣe nǹkan sí i. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "Màmá, ajá mi kì í gé èèyàn jẹ," ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ tún béèrè káàdì.

Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lẹ́yìn náà á máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí káàdì. Bó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ má jẹ́ kó jókòó. Bí olówó rẹ̀ bá ní àwòrán káàdì náà lórí fóònù, ó tó. Àwọn kan á bínú pé ẹ̀ ń ṣe bíi ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin ní tiẹ̀, ẹ má gbà á rárá, bó ti wù kó dára lójú tó. Kì í ṣe nítorí yín, nítorí tiẹ̀ ni: àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ajá ń pè ní pàfó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Ìwọ̀n Jik tàbí Hypo kan nínú ìwọ̀n omi 30, kí ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án, ìyẹn ló ń pa á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀rù tèmi, nítorí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tiyín. Ẹ tún lẹ́tà yín kà. Ajá tó fi okùn sọ́rùn kọ́ ló wá ìjà wá. Ajá àdúgbò ló lọ bá a níbi tó jókòó sí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ògiri pé òun ò gba ajá, ajá tó ní olówó ló lé lọ. Èyí tí kò ní olówó kò mọ̀wé. Á ṣì wá lálẹ́, á ṣì wá lọ́sàn-án, nítorí orí ẹja àti egungun tí ẹ ń dà sẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè é. Ajá yìí ni kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré.

Nítorí náà, ibi ìdalẹ̀ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó débi ajá oníbàárà. Ẹ ra dọ́ọ̀mù tó ní ìdérí tó ṣe é tì pa, kí ìdọ̀tí oúnjẹ má sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ pé kí wọ́n má ju egungun sílẹ̀ mọ́. Mo sì bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi májèlé sínú ẹja fún wọn, ẹ má dán an wò. Adìyẹ aládùúgbò á jẹ nínú rẹ̀, ajá oníbàárà á jẹ nínú rẹ̀, ọmọdé pàápàá lè mú un nílẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá gún àwọn ajá àdúgbò yín lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, àkókò yẹn sì ni àwa dókítà ẹran sábà máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ajá mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì tàbí mọ́ àga rọ́bà mọ́. Alsatian tó bá fò sókè á wọ́ tábìlì lọ pẹ̀lú ìkòkò tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó da ọbẹ̀ yín nù nìyẹn. Ẹ ri èèkàn irin mélòó kan mọ́lẹ̀ dáadáa lábẹ́ igi, kí èkínní jìnnà sí èkejì débi pé imú ajá méjì ò ní lè kanra, bí ẹ tilẹ̀ fa okùn méjèèjì gùn dé òpin. Okùn náà kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ọ̀nà tí ọbẹ̀ gbígbóná ń gbà kọjá kò sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá ajá ní etí omi wa, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó fi owó ńlá ra ajá Caucasian onírun bíi ti àgùntàn ni wọn kì í sábà mọ èyí. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn, ìwọ̀nba sì ni. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ara tirẹ̀ gbóná ju tiwa lọ láti ilẹ̀ wá, bíi 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Àwọn onímú pẹlẹbẹ, bíi Bulldog, ló tètè ń dákú. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ símẹ́ńtì tàbí intalọ́ọ̀kì, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ kí ẹ ka oókan dé èje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó níbẹ̀. Kí ẹ kúkú sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mú ajá wá kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ajá tó bá ń mí hẹlẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Omi mímu yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín ló ń ti Gbẹ̀rẹ̀fù bọ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, wọ́n ti rìn nínú iyanrìn gbígbóná dé etí òkun. Ajá tí òùngbẹ ń gbẹ á lá omi òkun. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi rí tó ti bì títí tí kò lè dìde mọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Olówó rẹ̀ rò pé wọ́n fún un ní oògùn jẹ ni. Iyọ̀ ni. A fa omi sí i lára, a ń fi sùúrù fà á, ó sì yè é. Abọ́ omi tútù kan lọ́wọ́ yín ìbá ti gba oníbàárà yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ owó tó san fún mi.

Ẹ lè fi oúnjẹ ajá pawó pàápàá. Ẹja bíbọ̀ tí ẹ ti yọ gbogbo egungun rẹ̀, tí kò ní iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí Maggi, pẹ̀lú ìrẹsì funfun díẹ̀. Ó parí. Ẹ lè gé àgbọn bíńtín sí i, kó má pọ̀, torí òróró inú rẹ̀ á mú un ṣunú. Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ajá ni àlùbọ́sà (ẹ̀jẹ̀ ló ń bà jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí súyà kò fi dára fún un), ṣokoléètì, kọfí, ọtí, èso gréépù, ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, àti egungun adìyẹ tí a ti sè, tó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó nínú ìfun. Oníbàárà ló ń ṣẹ̀ jù lórí èyí o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìgbẹ́ ajá, kíákíá. Aràn kan wà nínú rẹ̀ tó ń pamọ nínú iyanrìn, tí ọmọ aràn náà á sì gún awọ ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò wọ bàtà wọlé, tí á máa fà lábẹ́ awọ bí ẹni fi kálàmù fa ìlà, tí á sì máa yún un. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ìgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu rẹ̀. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ara igi, kí olówó ajá fọwọ́ ara rẹ̀ kó o. Wọlé-wọlé tó bá bá a nílẹ̀ kò ní bi yín pé ajá ta ni.

Bí ajá bá wá gé ẹnì kan jẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sí epo pupa, kò sí ata, kò sí irun ajá tí a jó. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ lójú ọgbẹ́. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni náà sì padà lọ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún abẹ́rẹ́ tó kù. Ẹ má pa ajá náà. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí dókítà ẹran máa wò ó. Bó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a mọ̀ pé dìgbòlugi kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé e jẹ. Ẹni tó bá pa á ti pa ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ó ku Alhájì. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó sọ, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n máa fi kírun. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan, ẹ̀rù ajá ń ba ẹlòmíràn láti kékeré. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ ajá, kí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti alájá, kí ẹnu ọ̀nà wọn má jẹ́ ọ̀kan. Abọ́ ajá kò gbọ́dọ̀ bá abọ́ èèyàn pàdé nínú agbada ìfọbọ́ láé. Ẹ wá pe Alhájì lórí fóònù, ẹ ní kó wá wo ibi tí ẹ ṣètò fún un kí ọjọ́ Sátidé tó dé, kí ẹ sì bu ẹja tó fẹ́ràn fún un lọ́jọ́ náà láì gbowó.