Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn tó bá dárúkọ ẹ̀jẹ́ Olúrónbí?

Ìbéèrè: Nínú ìtàn àròsọ kan tí wọ́n kọ fún àgbà, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Èmi ò jẹ́jẹ̀ẹ́ Olúrónbí o." Òǹkọ̀wé ò ṣàlàyé. Kí ló ń sọ?

Ìdáhùn: Àlọ́ ọmọdé ló ti mú un. Àwọn obìnrin lọ tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ìrókò, kálukú sì sọ ohun tó máa fi san án. Orin inú àlọ́ náà sọ ìyókù:

Oníkálukú jẹ̀jẹ́ ewúrẹ́,
Oníkálukú jẹ̀jẹ́ àgùntàn,
Olúrónbí jẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ apọ́nbépo.

Ohun tí ìyá yẹn ń sọ ni pé òun ò fi ọmọ òun dúró fún gbèsè kankan.

Ṣùgbọ́n kí la ní Olúrónbí lọ tọrọ? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan máa ń pa á pé ọjà ló fẹ́ kó tà. Àwọn mìíràn ní àgàn ni, ọmọ ló ń wá. Tó bá jẹ́ tọjà, ó fi ọmọ tó ti bí wá èrè. Tó bá jẹ́ ti àgàn, ohun tó sunkún tọrọ náà ló ṣèlérí pé òun máa dá padà. Ẹ̀bi méjèèjì ò dọ́gba rárá. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí òǹkọ̀wé mú kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Orúkọ náà lè má hàn rárá. Ẹ máa fetí sí "jó-in jó-in", ègbè orin náà, tàbí ọmọ tó pọ́n bí epo nínú ilé tí gbèsè wà. Ọmọ pupa nìkan ò tó ẹ̀rí o. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ọmọ onígi náà lè jẹ́ àmì, torí báyẹn ni ọkọ Olúrónbí ṣe gbà á sílẹ̀ nígbà tí Ìrókò sọ ọ́ di ẹyẹ, bí àwọn kan ṣe ń pa á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òǹkàwé di ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní kékeré mú, pé kéèyàn má ṣèlérí tí kò lè mú ṣẹ, kó sì ka ìwé tán síbẹ̀. Ìwé àgbà sábà máa ń béèrè ẹni tó lé obìnrin náà dé ìdí igi. Àlọ́ yìí wà nínú Stay With Me (2017) tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, níbi tí àwọn àna ti mú ìyàwó kejì wá nítorí pé ọmọ ò tètè dé.

Kí ẹ sì wo ibi tí ẹni tó ń pàlọ́ nínú ìwé ti dánu dúró. Tí ìyá bá pa á fọ́mọ, tó dákẹ́ kí Ìrókò tó wá gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà á.