Ọjọ́ Méje ní London Pẹ̀lú Ọmọ Méjì: Báwo La Ṣe Máa Pín In?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Balógun, níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni mo ti ń ta léèsì. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì mẹ́tàlá, fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní London nínú Ọ́gọ́ọ̀sì tí wọ́n bá gba hólídè. A ò débẹ̀ rí. Mo ti kọ ibi tá a fẹ́ lọ sínú ìwé, ó ti ń lọ sí ogún báyìí, gbogbo ẹni tí mo bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń fi kún un. Àbúrò mi kan ń gbé Abbey Wood, ó ní ká wá dé sọ́dọ̀ òun, àmọ́ ọkọ mi ní ibẹ̀ ti jìn jù, ó ti rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí ò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ápọ́ọ̀tì Heathrow. Èwo ni ká ṣe, báwo la sì ṣe máa pín ọjọ́ yẹn tówó ò fi ní tán lọ́jọ́ kẹta?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o mà, ajé á wọ igbá.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ti hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ná, torí òun ló máa sọ bí gbogbo tókù ṣe máa rí. Ọ̀dọ̀ àbúrò yín ni kẹ́ ẹ dé sí. Ọkọ yín ò parọ́ o, téèyàn bá wo máàpù, Abbey Wood wà lọ́hùn-ún ní ìparí ìlú lápá ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n ní London kì í ṣe bí ibì kan ṣe jìn tó lèèyàn ń wò, iye ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ̀kalẹ̀ nínú reluwé kan kẹ́ ẹ tó wọ òmíì ni. Abbey Wood gan-an ni ìdíkọ̀ Elizabeth line, reluwé tuntun tí wọ́n ṣí ní May 2022, tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ níbẹ̀ tẹ́ ẹ jókòó, kò tó ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa fi dé Liverpool Street, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lẹ máa bára yín ní Tottenham Court Road láàárín gbùngbùn ìlú, ẹ ò sì ní pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Reluwé yẹn kan náà ló ń lọ Heathrow. Tó bá jẹ́ Gatwick ni bàálù yín bà sí, ẹ wọ reluwé Thameslink dé Farringdon, ẹ bọ́ sínú Elizabeth line níbẹ̀, ó parí.

Hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ Heathrow dáa fẹ́ni tó kàn fẹ́ sùn mọ́jú kó tún fò lọ ibòmíì. Fẹ́ni tó máa wọ ìlú lójoojúmọ́, rárá o. Owó Elizabeth line tó bá ti kan Heathrow máa ń ju ti ibòmíì lọ, ẹ sì tún máa ra oúnjẹ láàárọ̀ ra á lálẹ́ fún ẹni mẹ́rin, gbogbo ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè lórí yàrá yẹn máa gba ibẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ àbúrò yín ẹ máa ríbi dáná, ẹ máa ríbi fọṣọ, àwọn ọmọ á sì rẹ́ni bá ṣeré. Ẹ má wulẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta léèsì, ẹ mú aṣọ dání fún un, ẹ mú gààrí, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí wàrà nínú àpótí yín. Wọn ò gbà kéèyàn kó ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n bá rí i wọ́n máa gbà á ni.

Ti físà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Standard Visitor lẹ máa gbà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ló sì ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, títí kan ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn. Wọn kì í gba fọ́ọ̀mù tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ sí ọjọ́ ìrìnàjò, ìdáhùn sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ tẹ̀ka, torí náà tí May bá ti ń bọ̀ kí ìwé yín ti wà létòlétò. Owó físà kì í padà tí wọn ò bá fún yín, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ káwọn tó ń bá mi rìn ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ò ṣe é dá padà kí físà tó jáde. Àkáùntì ọjà yín, tówó ń wọlé tó ń jáde bó ṣe máa ń ṣe, ni kẹ́ ẹ gbé síwájú wọn. Ẹ má lọ yá owó gọbọi kan jù sínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gba statement, kíá ni wọ́n máa rí i.

Ó yá, ẹ mú ìwé ibi ogún yẹn jáde. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ ò ní sọ pé ẹ máa lọ Badagry láàárọ̀, kẹ́ ẹ dé Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún na Ìkòròdú kílẹ̀ tó ṣú, àbí? Àmọ́ irú ẹ̀ ni mò ń rí nínú ìwé táwọn èèyàn ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa ní Súrùlérè: Greenwich láàárọ̀, Wembley lọ́sàn-án, Tower Bridge nírọ̀lẹ́. Inú reluwé ni wọ́n máa lo hólídè yẹn mọ́. Ẹ jókòó ti máàpù orí fóònù yín, ẹ wá ibi kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tẹ́sẹ̀ lè gbé yín láti ibì kan dé ìkejì, ẹ fi nọ́ńbà kan náà sí i. Apá ìlú kan, ọjọ́ kan. Ibi tó bá dá wà láìní ẹnìkejì nítòsí, àfi táwọn ọmọ bá ń sunkún lé e lórí, ẹ fa ìlà sí i lórí.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ara ẹ̀. Apá Westminster, Big Ben, Westminster Abbey, St James's Park àti ààfin Buckingham, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba tó máa ń pààrọ̀ ara wọn níwájú ààfin, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, Mọ́ńdè, Wẹ́sídeè, Fúráìdeè àti Sọ́ńdè ló sábà máa ń bọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn tètè débẹ̀. Látibẹ̀ ẹ gba orí Westminster Bridge kọjá sódìkejì omi, London Eye nìyẹn. Ọjọ́ míì, South Kensington: Natural History Museum, Science Museum àti Victoria and Albert Museum wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan tiẹ̀ wà láti ìdíkọ̀ reluwé tó ń gbé èèyàn débẹ̀, òjò ò ní pa yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ mú un lọ wo egungun àbùùbùtán tí wọ́n gbé kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn Natural History Museum, ẹ máa rí ojú ẹ̀. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, ìpàtẹ àkànṣe nìkan ni wọ́n ń gbowó lé, ṣùgbọ́n torí pé Ọ́gọ́ọ̀sì lè máa pọ̀ lérò, ẹ gba àyè ọ̀fẹ́ ti Natural History Museum àti Science Museum sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

British Museum náà ọ̀fẹ́ ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fún un ní àárọ̀ kan gbáko. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òkú àwọn ará Íjíbítì gba gbogbo àkókò yín, ẹ béèrè Room 25, ìsàlẹ̀ ilé lẹ máa sọ̀kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ilé Áfíríkà. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba gbogbo ojú ẹ̀ láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, adé ń bẹ lórí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì dà bíi tẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn pátákó idẹ tí sójà Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897 náà wà nínú yàrá yẹn. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ dúró níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn ibi tó ti wá àti àwọn tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ béèrè. Ọmọ Yorùbá tó bá dé London tí ò rí i, ó máa ń dùn mí gan-an.

Èyí tó kù ò le. Tower of London àti Tower Bridge, ọjọ́ kan. Tower yẹn gbowó, àmọ́ ẹ san án, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ìtàn ẹ̀ náà sì tó kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbádùn ẹ̀. Lójú tèmi, ibi méjì péré tó ń gbowó ńlá ló tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Greenwich ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àbúrò yín náà nìyẹn o, Thameslink kan ń ti Abbey Wood lọ síbẹ̀ tààrà. Òkè inú pápá Greenwich Park ni wọ́n ti ń wo gbogbo London, wíwọ pápá ò sì gbowó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má fi nǹkan kan sí i, bàálù òru ti máa rẹ àwọn ọmọ. Ẹ tún fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, fún òjò, fún oorun, tàbí kẹ́ ẹ lọ Rye Lane ní Peckham lọ ra iṣu àti ata. Aago wọn àti tiwa dọ́gba nínú Ọ́gọ́ọ̀sì, ilẹ̀ kì í sì ṣú kó tó di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ò ní máa sáré.

Owó ọkọ̀ ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ẹ̀yin àgbà méjì, kí kálukú ní Oyster card tiẹ̀, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní London, ẹ ò lè fi ẹyọ káàdì kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì báǹkì náà ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ gbára lé káàdì náírà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní sanwó nínú Elizabeth line àti reluwé abẹ́ ilẹ̀ tó bá ti wà pẹ̀lú yín. Ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹ ra Oyster fún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìdíkọ̀ pé kó fi Young Visitor sí i, ìdajì owó àgbà ni wọ́n máa máa yọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Nínú reluwé, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ níbi tẹ́ ẹ ti wọlé, ẹ tún fi kan án níbi tẹ́ ẹ ti jáde, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, iye tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé nìkan. Bọ́ọ̀sì ò gba owó lọ́wọ́ rárá, £1.75 ni àgbà ń san ní 2025, tẹ́ ẹ bá sì wọ òmíì láàárín wákàtí kan, wọn ò ní yọ òmíràn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó jáde, ó máa ń dín owó kù, ẹ sì máa ríbi jókòó.

Ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n tó kúrò nílé pé apá òsì ni mọ́tò wọn ń gbà, ọ̀tún ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ sọdá. LOOK RIGHT wà lórí títì níbi púpọ̀, kí wọ́n máa kà á.

Ọjà ńkọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa rà. Sọ́ńdè, wákàtí mẹ́fà péré ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá fi ń ṣí. VAT tí wọ́n máa ń dá padà fáwọn àlejò tẹ́lẹ̀ náà ti dópin láti 2021, tẹ́nikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kó rìsíìtì jọ fún ẹ́ápọ́ọ̀tì, ti tẹ́lẹ̀ ló ń sọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣẹ́ pọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, ẹ ṣọ́ra fún £20 àti £50 oníbébà. September 30, 2022 ni wọ́n ti fòpin sí níná ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kankan ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, àmọ́ Bank of England ṣì máa ń bá èèyàn pààrọ̀ ẹ̀. Owó tuntun ń dán bíi rọ́bà, ojú kan sì wà lára ẹ̀ téèyàn lè rí òdìkejì gba ibẹ̀. Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò sí ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín.