"Ó dáa" nìkan ni wọ́n ń sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi àti àwọn mẹ́ta nínú kíláàsì wa ń ṣe ààrò ìyan-gàrí tó ní páìpù èéfín. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, a máa fi ìṣẹ́jú 5 ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ wa kí wọ́n lè bá wa tún un ṣe. A sọ ọ́, "ó dáa" ni wọ́n ń wí. Ẹnì kan ní kí á yí àwọ̀ sláìdì padà. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Bí o bá bi ọ̀rẹ́ rẹ pé "ṣé ó dáa?", kí ló tún fẹ́ sọ? Lọ́la, òun náà máa dúró níwájú rẹ.

Bí ẹ bá ti sọ tán, ẹ pa sláìdì, kí ẹ wá ní kí ẹnì kan tún un sọ fún yín: kí lẹ fẹ́ ṣe, ta lẹ fẹ́ ṣe é fún? Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yà bàrá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn ọmọ kan gbé kẹ̀kẹ́ ìpọnmi wá síwájú mi rí. Irin ni wọ́n ń ròyìn ṣáá. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn máa tún un sọ, ó ní, "Irin lẹ fẹ́ tà, àbí?" A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìyá tó tò sẹ́nu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́. Èyí gan-an ló le jù. Ẹnu á máa yún yín láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ń ṣàlàyé lẹ́yìn, ẹ ò sọ ọ́ nígbà tó yẹ nìyẹn. Kí ẹnì kan nínú yín máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. "Ta ló máa bá ìyá tó ń yan gàrí tún páìpù tó bá dí ṣe?" wúlò ju "wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe" lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn lẹ máa gbà o. Bí ẹni mẹ́ta bá kọsẹ̀ lójú kan náà, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kódà bí ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹ gbà ò bá dọ́gba. Aláìsàn mọ ibi tó ń dun òun, kò fi dandan mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ sláìdì lè dúró ná.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ yín ló ti jókòó ti agbada gàrí rí? Ẹ lọ bá ìyá kan níbi tó ti ń yan gàrí. Ẹ wò ó bó ṣe gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí èéfín, tó ń fi àfọ́kù igbá ro ó, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ sọ tiyín fún un láìsí sláìdì. Bó bá bi yín pé ibo ni òun máa na ẹsẹ̀ sí, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ ti dáhùn kí ìgbìmọ̀ tó bi yín nìyẹn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, àwọn mìíràn ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Àwọn tó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á kàn máa fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ dí ibi tí ẹ fò.