Ìlú Tí Mẹ́kúrì Ti Ń Wá

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Yábàá. Temómítà kan fọ́ ní kíláàsì wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì bi mí pé níbo ni omi dídán inú rẹ̀ ti wá. Mo gbọ́ pé ìlú kékeré kan ní Sípéènì ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọn ọmọ sì lè fọwọ́ kàn án?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mẹ́kúrì ni omi dídán náà. Ilẹ̀ mìíràn náà ní in, ṣùgbọ́n Almadén, ìlú tí olùgbé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5,000 ní ìpínlẹ̀ Ciudad Real, ni ó pèsè púpọ̀ jù lọ: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo èyí tí aráyé ti lò. Èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà. Ẹni tó bá pẹ́ ní ilé kéú yóò mọ̀ pé ibi ìwakùsà ni ó túmọ̀ sí. (Àwa tí àwọn Potogí sọ Èkó wa di Lagos kò gbọdọ̀ yà lẹ́nu pé àlejò ni ó sọ ìlú onílùú lórúkọ.)

Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń wa òkúta pupa kan níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀dà. Bí wọ́n bá sun òkúta náà, mẹ́kúrì á gòkè bí ooru, á sì padà di omi nígbà tó bá tutù. Ní nǹkan bí 1555, Bartolomé de Medina fi hàn ní Mẹ́síkò, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, bí a ṣe lè fi mẹ́kúrì yọ fàdákà kúrò lára òkúta, láti ìgbà náà ni ọba Sípéènì kò ti lè fi Almadén ṣeré mọ́. Ìdílé Fugger, oníṣòwò Jámánì tó ń yá ọba lówó, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún títí di 1645.

Ta ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún? Ẹlẹ́wọ̀n tí ọba fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹrú tí wọ́n rà náà sì wà níbẹ̀. Ní 1593, Mateo Alemán, òǹkọ̀wé tí ọba rán bí adájọ́, lọ gbọ́ ẹjọ́ wọn lẹ́nu ara wọn, ohun tó sì kọ sílẹ̀ burú: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ìléru ń gbọ̀n, orí wọn sì ń dàrú. Títí di òní, èdè Sípéènì ní ọ̀rọ̀ kan, *azogado*, fún ẹni tí mẹ́kúrì sọ di agbọ̀n-bí-ewé.

Pápá ìjà akọ màlúù wọn ni ó wù mí jù. Onígun mẹ́fà ni, ilé 24 ni wọ́n kọ́ yí i ká ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, bí agbo ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí gbogbo ojúlé dojú kọ àgbàlá. Èrè ibẹ̀ sì wọ inú kíkọ́ ilé ìwòsàn San Rafael fún àwọn awakùsà. Iṣẹ́ ìwakùsà ti dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì yìí, UNESCO sì kọ ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2012, pa pọ̀ mọ́ Idrija, ìlú mẹ́kúrì mìíràn ní Slovenia. Àlejò ń sọ̀ kalẹ̀ wo ihò náà báyìí.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a nítorí yóò fọ́n ká. Ẹ fi bébà líle kó o sínú ìgò, kí ẹ sì dé e pa.