Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Bowie: ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a padà sílé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ bèèrè bóyá dandan ni kí ẹ gba ilé tiyín kí ọmọ tó lè wọ ilé-ìwé ìjọba ní Prince George's County, ìyẹn county (bí ìjọba ìbílẹ̀) tí Bowie wà ní ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà, àti ìdí tí wọn ò fi gbà á sí èyí tó kọjú sí ilé àbúrò yín.

Kì í ṣe dandan. Fọ́ọ̀mù wà fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àbúrò yín á buwọ́ lù ú níwájú nótárì, ẹ ó mú ìwé ilé rẹ̀, bíìlì iná, ìwé ọjọ́-ìbí àti káàdì àjẹsára ọmọ dání. Ìyẹn ò le.

Àwọn tó jókòó sídìí káńtà ló le. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹbí ìyàwó mi la wọ̀ sí. Obìnrin tí mo bá ní ọ́fíìsì ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé ilé. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílé, ó ní kò ní òǹtẹ̀. Mo lọ lu òǹtẹ̀, ó ní bíìlì iná ti pẹ́ jù. Mo mú tuntun dé, ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, ó ní kí n mú físà ọmọ wá! Gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ mi jókòó sílé, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀. Ó bi mí pé, "Dádì, ṣé wọn ò fẹ́ mi ni?" Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi físà dí ọmọ lọ́wọ́. Láti 1982 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá a, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe, pé ilé-ìwé ìjọba ò gbọdọ̀ lé ọmọ nítorí ìwé ìgbélùú. Òfin McKinney-Vento náà wà: bó bá jẹ́ àìrówó gbalé ló gbé òbí àtọmọ dọ́dọ̀ ẹbí, kí ọmọ wọ kíláàsì lójú ẹsẹ̀, kódà bí ìwé ò bá tíì pé. Òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo agbègbè fún ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́nì kan ní ọ́fíìsì yẹn tó sọ ọ́ fún mi, obìnrin ará Jàmáíkà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Nígbà tí mo dárúkọ òfin yẹn ni ohùn wọn rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lo àdírẹ́sì ẹbí ní Howard County, county tó múlé gbè wá, torí pé ilé-ìwé ibẹ̀ dára, ẹ má gbà. Wọ́n máa ń ṣèwádìí, wọ́n sì lè bi yín lówó ilé-ìwé. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kan ni county kọ̀ọ̀kan ní ní Maryland: bí ẹ bá kó láti Bowie lọ Laurel, abẹ́ ìgbìmọ̀ kan náà lẹ ṣì wà, bí ẹ bá dé Columbia tó wà ní Howard, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ní ti ilé-ìwé tó kọjú sílé àbúrò yín, ó lè jẹ́ ìtàn ló fà á. Ọmọ aláwọ̀ dúdú àti funfun kì í jọ kàwé ní Prince George's tẹ́lẹ̀, ìdájọ́ 1954 (Brown v. Board), tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù fi ní kí wọ́n má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ò sì tètè yí i padà. Ní 1972, àwọn òbí dúdú gbé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ní January 1973, láàárín ọdún ẹ̀kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kúrò ní àdúgbò wọn kí wọ́n lè jọ kàwé. Ọ̀pọ̀ òyìnbó kó lọ. Ní 1985 ni wọ́n dá àwọn ilé-ìwé àkànṣe sílẹ̀ láti fi fa àwọn ọmọ mọ́ra. Ní 1998, wọ́n fẹnu kò láti máa dá bíbọ́ọ̀sì-kó-ọmọ dúró díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ètò àkànṣe bíi Montessori àti ti èdè Faransé ṣì wà, lọ́tìrì ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ irú rẹ̀ ló wà níwájú yín, tàbí kí ilé àbúrò yín má bọ́ sínú ààlà àdúgbò tí ilé-ìwé náà ń gbọmọ. Ẹ tẹ àdírẹ́sì sórí ìkànnì wọn.

Ẹ kọ Yorùbá sílẹ̀ bí wọ́n bá bèèrè èdè ilé. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dán ọmọ wò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gba èsì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ láìka ìwé tó mú bọ̀ láti ilé.

Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ lábẹ́ McKinney-Vento, inú kíláàsì ló yẹ kí ọmọ wà títí àríyànjiyàn náà yóò fi parí.