Ta ló sọ pé ìlú onídán ni Ìdànrè?

Ẹnìkan bi mí pé: ṣé òótọ́ ni pé "ìlú àwọn onídán" ni ìtumọ̀ Ìdànrè, kí ló sì dé tí àwa ará ibẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ìlú wa bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá ẹni?

Mo mọ ibi tí ti onídán yẹn ti wá. Èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò, lẹ́nu ọmọkùnrin kan tó ní òun máa ń mú àlejò gun òkè. Ó ní àwọn baba wa a máa pidán lórí àpáta. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi. Àgbà wà nílé, kò bi wọ́n, ó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ hun ìtàn!

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ufẹ̀ Òkè ni ìlú náà kọ́kọ́ ń jẹ́, ìyẹn Ifẹ̀ tó wà lórí òkè, nítorí Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wa ti wá. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ ìkómọ nìkan ni òwe yìí ń wí. Lójú tèmi, ilé tí a ti jáde wá ló jinlẹ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó kúrò nílé baba rẹ̀, tó rìn títí tó fi kan àpáta, tó tún wá fi orúkọ ilé baba náà pe ibi tó dó sí, ọmọ ló sọ lórúkọ yẹn. Àbísọ ni Ufẹ̀ Òkè.

Ìdànrè wá ńkọ́? Àlàjẹ́ ni. Àwọn àgbà ní nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀ rí àwọn òkè náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ké pé idán rè é! Igbe ìyanu lásán ni. Bí ọmọ ṣe máa pupa tí gbogbo àdúgbò á máa pè é ní Apọ́nbéporẹ́ nìyẹn, títí orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ á fi di ti inú ìwé.  

Ìlú tó ti ní àbísọ, tó ní àlàjẹ́, kí ló kù tí kò fi ní jẹ́ èèyàn? Ìyá ìyá mi kì í ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ kó má wo Orósùn, òkè tí a ń pè lóbìnrin tí a sì ń ṣọdún fún. Bí ìkùukùu bá bò ó lórí, ìyá ìyá mi á ní, "Ó ti wé gèlè o, ó ń ròde." Lọ́jọ́ náà kò ní sá kòkó. Àwa ọmọdé a máa ráhùn pé oòrùn ń ràn. Tó bá fi máa dọ̀sán, àwọn ará ilé kejì á ti máa sáré ká ẹní kòkó wọn, òun á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa jẹ obì.

Orí òkè ni àwọn ará ìlú wa ń gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ náà wà níbẹ̀, àti ipa ẹsẹ̀ Àgbóògùn, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn ìyá ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Ilé tí wọ́n bí i sí ló ń wò láràárọ̀ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ ọmọ mi gun àtẹ̀gùn náà, tó lé ní 600. Kíkà ni wọ́n ń kà á. A dókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ta ló fo méjì. Wọ́n ya fọ́tò níwájú ààfin, wọ́n béèrè bóyá omi tútù wà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ilé wo ni wọ́n ti bí màmá.